Ìpolówó Kàtúùnù Tí Safiyyah Ṣe

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ má fi ohùn ọmọ yín sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo o.

Kùdírátù dúró níwájú Ayẹni oníkámẹ́rà, l'Ágbowó.

Ìpolówó tí Safiyyah, ọmọ rẹ̀, ṣe fún kàtúùnù àtàárọ̀-dalẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ló ń wá.

Ohùn ọmọ náà ti ń sá lọ létí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á.

"Bọ̀dá Ayẹni, ẹ̀yin lẹ yà á."

"Ẹyọ kásẹ́ẹ̀tì kan ló kù, mo sì ti mú un fún yín."

"Mo tú gbogbo ilé, n ò rí i."

Ayẹni dorí kodò.

"Kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ ní kí n fi ya àdúrà fídáù Safi. Mo bi yín bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹkún lẹ ń sun."

"Ẹ yà á sórí ohùn ọmọ mi?"

"Ìyá Safi, ẹ má bi mí mọ́."