Ẹ̀rí Tí Kápẹ́ńtà Fi Ba Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Jẹ́

Àbùmọ́ ni àléébù kápẹ́ńtà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Kì í ṣe olè, kì í mutí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ejò kékeré bá kọjá níwájú rẹ̀, kí ó tó délé, ejò náà á ti di òjòlá. Ìyá rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Bí ọmọ mi bá sọ̀rọ̀, ẹ là á sí méjì, kí ẹ gba ìdajì gbọ́.”

Bí ó ṣe di onígbàgbọ́ kò ní ariwo nínú. Ìjọ kan pè é pé kó wá tún bẹ́ǹṣì ṣe. Ó wà lábẹ́ ọ̀kan, ó ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn ìyá wọlé àdúrà. Ó dákẹ́ kó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ìyá arúgbó kan, tí kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, gbàdúrà pé, “Olúwa, ẹni tó ń tún ìjókòó wa ṣe, jẹ́ kí òun náà rí ibi jókòó nínú ilé rẹ.” Kápẹ́ńtà gbé òòlù sílẹ̀, ó sì sunkún níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ló ti gba Jésù gbọ́. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ìwàásù fi ń jó o lọ́kàn bí iná, olùṣọ́-àgùntàn sì mú un sọ́dọ̀ láti kọ́ ọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tó jẹ́rìí, bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́. Ìjọ ṣe àmín, wọ́n jókòó. Ẹni tó tẹ̀lé e ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Bí ìyẹn ti ń sọ tirẹ̀, gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dun kápẹ́ńtà.

Nígbà tí wọ́n pè é sí ìjọ mìíràn, ó ní ọ̀mùtí lòun tẹ́lẹ̀. Ní èyí tó tẹ̀lé e, ó di ọmọ ìta. Nígbà tí wọ́n wá bi í pé kí ló sọ ọmọ kékeré dà bẹ́ẹ̀, ó ní bí bàbá òun ti kú báyìí ni ìyá òun lé òun jáde nílé. Àwọn obìnrin sunkún. Ìpè ń wá láti ibi gbogbo.

Àwa ará ilé mọ òótọ́. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ìyá yìí ló ń fi orí ru pákó fún ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ń fi sáńpépà ha àga títí ọmọ ìka rẹ̀ fi bó, kí wọ́n má bàa lé ọmọ rẹ̀ kúrò.

Mo pè é jókòó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹyin lohùn o. Ìyá yín ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ìyá mi kì í débẹ̀. Ìwọ ò rí iye ọkàn tó ń yí padà ni?”

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́wọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run pé. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àga ìwàásù tuntun tí yóò dúró sí. Àwọn ìjọ tí kápẹ́ńtà ti lọ jẹ́rìí péjọ. Àgbà kan lára àwọn àlejò dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún ìyá tó lé ọmọ jáde mú padà wá jókòó tì í. Ìyá kápẹ́ńtà, tó jókòó láàárín èmi àti ọmọ rẹ̀, bi mí léèrè ohun tí bàbá yẹn ń wí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àṣà ìjọ náà ni pé kí ẹbí jẹ́rìí sí ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn. Wọ́n pe ìyá. Ó dìde, ó rọra di gèlè rẹ̀ le.

“Ọmọ tèmi kò sùn níta rí,” ló wí. “Èyí tí bàbá yẹn ń sọ, èmi kọ́ ni mo bí i. Ẹ bá mi bi í, ìyá wo ló lé e?”

Olùṣọ́-àgùntàn yíjú sí kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà dorí kodò. Wọn kò gbọ́wọ́ lé e lórí mọ́. Olùṣọ́-àgùntàn ní kó padà sí gbogbo ìjọ tó ti ba orúkọ ìyá rẹ̀ jẹ́, kó tún un ṣe, kó tó tún wá bá òun sọ̀rọ̀ ìgbọ́wọ́léni.

Ó lọ. Ní ibi àkọ́kọ́, wọ́n wò ó, wọ́n sì dìde lọ sílé. Ní ibi kejì, ó sọ ti bẹ́ǹṣì àti àdúrà ìyá arúgbó, ó sì sọ ti ọmọ ìka ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n ní irọ́ ni, pé èyí tó ti kọ́kọ́ sọ fún wọn ló jọ òótọ́. Kò lè lọ síbi kẹta. Ìyá rẹ̀ dárí jì í, ṣùgbọ́n títí ìyá náà fi kú, àwọn ìjọ kan wà tí kò lè wọ̀, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Bí àga ìwàásù bá mì, kápẹ́ńtà ni wọ́n ń pè. Á tún un ṣe tán, á gbá èérún igi nílẹ̀, á sì padà sórí bẹ́ǹṣì, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀ láti wàásù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ kíyè sí i. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ọ kò kéré débi tí wàá fi bá a fẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fi orúkọ òbí rẹ̀ ra àtẹ́wọ́ yóò rí i pé àtẹ́wọ́ kì í ra orúkọ padà. Bí o bá fẹ́ jẹ́rìí, sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá nílò kí wọ́n gbà ọ́ gbọ́, wọn yóò gbà ọ́ gbọ́.