Kárọ́ọ̀tì Tí Ìyá Gé Bí Ìràwọ̀

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé ìtọ̀ ṣúgà fẹ́ mú ọmọ rẹ̀, ìyá kò fi oúnjẹ tó ń gbé lọ sí ilé-ìwé ṣeré mọ́. Ìdájí ni yóò ti dúró ti tábìlì ìdáná, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kárọ́ọ̀tì yóò di ìràwọ̀, kùkúḿbà yóò di táyà mọ́tò, ẹyin sísè yóò lójú, yóò nímú, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó ti fi ọdún gbọọrọ ṣe kéèkì tà kì í ṣe ọwọ́ òpè. Kéèkì náà gan-an ló sì ń dùn ún: òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ohun dídùn ba ọmọ náà lẹ́nu jẹ́.

"Màmá, ewé tún ni?"

"Ewé ni. Bó o bá fẹ́, sunkún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan dídùn díẹ̀ sí i."

"Ṣúgà ló pa bàbá rẹ. Ṣé o fẹ́ kí n sin ìwọ náà ni? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Gba abọ́ rẹ, jàre."

Ọmọ náà fajú ro. Ìyá nawọ́ sókè, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Má pẹ́ o. Ìwọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa dúró dè."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni abọ́ fi ń padà wálé lófìfo, inú ìyá sì ń dùn ṣìnkìn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń fọ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀, ló bá fa bébà bisikíìtì yọ nínú àpò. Ó fa ti súwíìtì. Ó fa ti ṣokoléètì. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra.

"Yéè! Ọmọ yìí fẹ́ pa mí!"

Kò pariwo lé e lórí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó mú ìwé kan nínú báàgì ọmọ náà, èyí tí ilé-ìwé kọ sí gbogbo òbí: kò sí bisikíìtì mọ́, kò sí súwíìtì; wọ́n á máa yẹ báàgì wò lẹ́nu géètì, ohun tí wọ́n bá sì gbà, wọn ò ní dá a padà.

"O ka ìwé yìí?"

"Mo kà á, Màmá. Ìwé tó dáa ni."

"Ṣé ò ń tẹ̀lé e?"

"Háà! Bí èmi ò bá tẹ̀lé e, ta ló máa tẹ̀lé e?"

Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Díẹ̀ ló kù kí ìyá gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta bisikíìtì níwájú ilé-ìwé lọ. "Ṣé ìwọ lò ń tà á fún ọmọ mi?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ wo ọjà mi, Ìyá. Látìgbà tí wọ́n ti ṣòfin burúkú yìí, eṣinṣin nìkan ni oníbàárà mi."

Ọ̀rọ̀ wá di kàyéfì. Aṣọ́nà kí ìyá, ó ṣí géètì fún un. Àkókò ìsinmi ni. Àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ ewé tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Ọmọ tiẹ̀ kò sí láàárín wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan di kárọ́ọ̀tì kan mú, ìràwọ̀ ni.

Ìyá sún mọ́ ọn. "Ta ló fún ọ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀bùn ni, mà. Mo fi bisikíìtì mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì, mi ò sunkún."

Ìyá kò kan ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kàn tì í wọlé ni, ó sì bá ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, lẹ́yìn tábìlì ńlá, páálí bisikíìtì tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kún débi pé kò lè kí ìyá rẹ̀ káàbọ̀.