Fèrèsé Mẹ́rin fún Màmá

Igbó-Elérin, ọdún 1991. Ẹ wá wo yàrá!

Yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé mẹ́rin. Búlọ́ọ̀kù ẹ̀ nípọn, àjà ẹ̀ ga, atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ezekiel bíríkìlà ò kọ́ irú ẹ̀ rí.

"Ọ̀gá Fọlárìn, Màmá yín ò ní nílò fáànù o! Kúbùsù ni kí ẹ rà fún wọn!"

Fọlárìn ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà parí ẹ̀, Bàbá. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Ezekiel po simẹ́ǹtì kíákíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ilẹ̀ yàrá.

"Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má rẹ́ àárín yẹn."

"Ibẹ̀ mà ni bẹ́ẹ̀dì Màmá máa wà, ọ̀gá."

"Ẹ bá mi gbẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà."

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ Ezekiel.

Fọlárìn jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo àwọn fèrèsé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ooru ló pa wọ́n, nínú yàrá onípáànù tí mo fi wọ́n sí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ mí, Bàbá. Fèrèsé kan péré ni wọ́n ní kí n yọ fún àwọn."