Ọládiípọ̀ àti Òdo Tó Fojú Rénà

Ìwà kan ló ba ti Ọládiípọ̀ jẹ́: kì í ka ohun tó bá kéré sí. Ìṣirò ló kọ́ ní yunifásítì, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ó fẹ́ kí iṣẹ́ yá ju kó pé lọ. Bí ẹ bá ní kó wo nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, á ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò.

Iléeṣẹ́ kan ní Bẹẹrẹ, tó ń gbógun ti àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ irú ilé tí eku pọ̀ sí láàárín ìlú àtijọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ máa lọ. Karimat, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fẹsẹ̀ rìn dé irinwó ilé, láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Àrẹ̀mọ. Ó dẹ pàkúté sílé kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń ka eku tó bá kó sí i. Igba ilé ó lé àádọ́rùn-ún ni kò mú ẹyọ kan. Ilé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún mú méjì tàbí mẹ́ta. Àmọ́ ilé méjìlá tó wà lẹ́bàá àwọn ṣítọ́ọ̀ àgbàdo ní Bẹ̀yẹrúnkà mú ogójì, àádọ́ta. Ọ̀kan tilẹ̀ mú mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Nígbà tí Ọládiípọ̀ rí ìwé tí Karimat kọ iye wọn sí, ó fajú ro. "Karimat, kí lo ń kó òdo jọ báyìí fún? Mo máa yọ gbogbo wọn dànù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, ẹ má yọ wọ́n. Òdo yẹn kì í ṣe oríṣi kan náà. Ilé mìíràn ò ní eku rárá. Òmíràn ní, àmọ́ bàbá onílé ló gbé pàkúté sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí ọmọ má baà fọwọ́ kàn án."

"Òdo ni òdo ń jẹ́."

"Ẹ tún wò ó, bí a bá ka gbogbo ilé pọ̀, ìpíndọ́gba wa jẹ́ eku méjì. Ṣùgbọ́n ìfọ́nká rẹ̀, ìyẹn bí iye eku ilé kan ṣe jìnnà sí ti èkejì, sún mọ́ ọgọ́ta. Ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Poisson, tí ẹ fẹ́ lò, ń fẹ́ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò lè bá èyí mu. Ìlànà mìíràn wà tó fàyè gba ìfọ́nká, tó sì máa kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé eku tilẹ̀ wà nílé yìí? Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá béèrè pé, tó bá wà, mélòó?"

Ọládiípọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi? Ọjọ́ Ẹtì ni màdáàmù ọ̀gá wa fẹ́ gba ìwé yìí."

Ó yọ àwọn òdo. Ilé àádọ́fà ló kù, ìṣirò rẹ̀ sì ní eku méje ló wà nílé kọ̀ọ̀kan, pé agbára káká ni ilé kan fi máa ní ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta wà níwájú rẹ̀ gbangba! Ó ní ẹni tó kà á ló ṣì í kà.

Màdáàmù Hilda, ọ̀gá wọn, yìn ín gan-an. Wọ́n gbé e lọ sórí rédíò, ó sì pariwo pé, "Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlú àtijọ́, eku méje-méje!" Làwọn ará Ọjà'ba bá sọ ọ́ di ìkíni: "Ẹ kú ilé o, méje yín ńkọ́?" Àwọn kan ń pe Ọládiípọ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ń jẹ́ ẹ!

Ni iléeṣẹ́ bá pín páálí gọ́ọ̀mù tí eku máa ń lẹ̀ mọ́, méje fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń pín in tẹ́ ti Ìyá Sọ̀fíyàt ní Àrẹ̀mọ yí pálọ̀ ká, nílé tí Karimat ò ti rí eku kankan, tí wọ́n ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà Sọ̀fíyàt wá mọ ilé. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti kí ìyá. Nígbà tó máa dìde, páálí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi yọ ọ́, irùngbọ̀n sì bá a lọ.

"Eku wo ló wà nílé mi?" ni Ìyá Sọ̀fíyàt ń pariwo. "Ta ló rí i?"

Ti Bẹ̀yẹrúnkà kì í ṣe ẹ̀rín. Kó tó di ọjọ́ kejì, páálí méjèèje ti kún, àìmọye eku sì ṣì ń sáré kiri. Wọ́n wọ inú gàrí Olúwaṣẹ́gun káfíńtà, wọ́n tọ̀ sí i. Ìkẹ́olúwa ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, jẹ nínú rẹ̀. Ibà gbé e dè. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò ní ọsibítù kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ gba Bẹẹrẹ lọ tààrà. Kò pariwo, ó kàn nawọ́ sí Karimat.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Eku mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni arábìnrin yìí kà nílé mi. Mo wà níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ páálí méje lẹ kó fún mi?"

Màdáàmù Hilda yíjú sí Ọládiípọ̀. "Dá wọn lóhùn."

Ọládiípọ̀ ń ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Karimat rọra gbé ìwé tirẹ̀ sórí tábìlì, tòun ti gbogbo òdo inú rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé ìṣirò náà lé Karimat lọ́wọ́. Ìlànà tó lò tọ́ka sí àwọn ilé ẹ̀bá ṣítọ́ọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó ìrànlọ́wọ́ lọ. Ọládiípọ̀ ni wọ́n ní kó fẹsẹ̀ rìn lọ sí gbogbo ilé tó yọ dànù, kó gba páálí padà, kó sì tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ó gun òkè Mápó títí orúnkún fi ń dùn ún. Ìyá Sọ̀fíyàt na kẹrosíìnì àti àkísà sí i, ó ní kó kúnlẹ̀ nu gọ́ọ̀mù kúrò nílẹ̀ òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọládiípọ̀ tún lọ sórí rédíò lọ jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kò gbọdọ̀ yọ èyí tí kò bá wù ú sọnù. Ilé tí kò ní nǹkan kan láti kà ní ohun tó ń sọ fún wa, ìpíndọ́gba tó dán sì lè bo ẹni tí ìyà ń jẹ jù mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa fetí sí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ìṣirò wa bá sì ta ko ohun tí ojú rí, ìṣirò ni ká kọ́kọ́ tún wò, nítorí ọmọ ọlọ́mọ lè ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí àwa tó gbà pé a ṣì í ṣe.