Ẹni Tó Ni Ẹ̀kọ́ Agolo

Nínú ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Yaba àti Surulere tó wà lórí WhatsApp, ẹ̀kọ́ tuntun kì í ní orúkọ. Alága á kọ́kọ́ gbé fídíò tí ojú tíṣà ò hàn nínú ẹ̀ síta, àwọn yòókù á dán an wò ní kíláàsì tiwọn, wọ́n á sì wá sọ bó ṣe rí. Ó di ọjọ́ Ẹtì kí alága tó dárúkọ ẹni tó ṣe é. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yin àgbà nítorí ewú orí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ti Salome ni. Ó bu omi díẹ̀ sínú agolo, ó fi ọmọrí dé e pinpin, ó gbé e ka sítóòfù níwájú kíláàsì kí àwọn ọmọ lè rí agbára oru omi. Ọmọrí fò lu àjà, àwọn ọmọ hó yèè. Ìyìn ń rọ́ wọlé láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Ìlara ni," ni Salome wí.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe tíṣà onígbà-díẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn á gba ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ta yọ sí iṣẹ́ gidi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, orúkọ jáde: Ọ̀gbẹ́ni Ambrose. Ambrose yìí ni alága ẹgbẹ́, òun náà sì ni ọ̀gá iléèwé tí Salome ti ń kọ́mọ.

Salome já wọ ọ̀fíìsì rẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn, kò kí i.

"Ọ̀gá, orúkọ mi dà?"

"Àǹtí Salome, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Ẹ̀yin tí ẹ máa fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ mi ṣe?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Ẹ lọ ṣàlàyé fún Ọlọ́run!"

Salome jáde, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dúró síta níbẹ̀, ó fi fídíò tí ojú rẹ̀ hàn ketekete ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi ni mo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Olè ni!"

Ambrose sáré jáde, fóònù lọ́wọ́. "Salome, pa á rẹ́! Pa á rẹ́ kíá!"

"Ó ti bọ́! Wọ́n ti rí i."

Lóòótọ́, Ìyáàfin Gertrude láti ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ti dá a lóhùn: "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Mo lè búra."

"Ó dáa," ni Gertrude kọ padà. "Ọmọ tí agolo yẹn bẹ́ mọ́ lójú ní Surulere lánàá ṣì wà ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, àwọn ọlọ́pàá tó ń bọ̀ wá mú Ọ̀gbẹ́ni Ambrose sì ti kọjá Ojú Ẹlẹ́gbà, ìwọ ni kó o dúró dè wọ́n."