Àlejò Láti Kàlàbá

Alhaja Ràfátù ti ṣílẹ̀kùn kí tíṣà tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ kú ìrìn o. Ọ̀fà tí ẹ ń gbọ́ nìyí. Ẹ wọlé."

Láti ilé ìwé girama ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà síra wọn, tíṣà ní Kàlàbá níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, Ràfátù ní Ọ̀fà, wọn ò sì fojú kanra rí. Nígbà tí Ràfátù wọlé ọkọ, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Tíṣà ò fẹ́ ẹlòmíì títí tó fi fẹ̀yìntì. Ọdún yìí ló gbọ́ lórí Fesibúùkù pé ọkọ Ràfátù ti kú.

Alhaja gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ẹsẹ̀ yín tí mọ́tò gbá ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yẹn."

Tíṣà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mọ́tò ò gbá a rí. Kò dé Jọ́ọ̀sì rí.

"Ó ti jinná," ló fi dá a lóhùn.

"Alihamudulilai. Àwọn tí mo ń kọ̀wé sí nígbà náà pọ̀, àmọ́ ẹ̀yin nìkan ni mi ò gbàgbé."