Ìbọn Tí Ọdẹ́rìndé Yẹ Inú Rẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdẹ kan wà ní abúlé Ìgbó-Ẹlẹ́rin tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Akọni ni, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹ̀sín rárá. Bí wọ́n bá ti fi í rẹ́rìn-ín, ohun tí kò fẹ́ ṣe gan-an ló máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ra ìbọn kan láìwo inú rẹ̀, torí pé wọ́n pè é ní ojo. Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka rẹ̀ kan sì bá a lọ.

Nígbà tó yá, Akínbọ̀dé fẹ́ ta ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá rẹ̀ olóògbé, tó jẹ́ olórí ọdẹ, fi sílẹ̀. Ìbọn àtijọ́ ni, ó rẹwà, ọkàn Ọdẹ́rìndé sì fà sí i. Bó ṣe fẹ́ jáde nílé lọ wò ó, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Ọdẹ́yalé, ìka mẹ́sàn-án lẹ mú jáde o. Mẹ́sàn-án náà ni kí ẹ mú wọlé fún mi."

Nígbà tó dé ilé Akínbọ̀dé, epo pupa ló bá nínú ọ̀pá ìbọn náà. Ọdọọdún ni Akínbọ̀dé ń da epo sí i láti fi bọ Ògún, kì í sì í nù ún torí ọ̀wọ̀. Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n fún òun ní kẹrosíìnì àti àkísà. Ni àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìbọn olórí ọdẹ lo fẹ́ yẹ ẹnu ẹ̀ wò?" Kúyẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Àbí o fẹ́ fi ṣaya ni? Gbé e sílẹ̀ jàre! Èmi á rà á, màá sì yìn ín báyìí!"

Ó kù díẹ̀ kí Ọdẹ́rìndé ju àkísà sílẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀, ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó sì ń nu epo lọ.

Ó ṣí ìdí ìbọn náà, ó nà án sí ojú ọ̀run, ó sì wo inú rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀pá ọ̀tún ń dán. Ìpẹtà ti jẹ inú ti òsì ní ihò-ihò, òjìji dúdú kan sì yí i po láàárín bí òrùka. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ibẹ̀, irin ti wú, ó sì mọ̀ pé ó lè bẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká dè é mọ́ igi," ló wí. "Okùn ni ká fi fà á."

Wọ́n ki ọta sí ọ̀pá òsì. Kúyẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fa okùn láti ẹ̀yìn ògiri, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Gbàù! Ọ̀pá òsì fàya bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kúyẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ọdẹ́rìndé, ìwọ lo fún mi ní ọwọ́ yìí."

Wọ́n gbé Ọdẹ́rìndé sókè, wọ́n ń hó yèè. Látọjọ́ náà, kò sí ọdẹ tó ń ra ìbọn ní Ìgbó-Ẹlẹ́rin tí kì í pè é kó wá wo inú rẹ̀. Bó ṣe délé lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ló ti na ọwọ́ sókè.

"Ìyá Ọdẹ́yalé, wá kà wọ́n!"

Mẹ́sàn-án pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ń fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ń yẹ nǹkan wò kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀rín á tán lẹ́nu wọn, ọwọ́ yín lẹ ó sì fi jẹun lálẹ́.